Wákàtí Díẹ̀ ní Àbújá Láàárín Bàálù Méjì

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbéra láti Èkó, Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn lọ sí Yólà, Màídúgùrì, Gòmbè tàbí Sókótó ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní Àbújá kí wọ́n tó wọ bàálù kejì. Ìdúró náà lè jẹ́ wákàtí méjì, ó sì lè jẹ́ méje. Àwọn kan á fi gbogbo rẹ̀ tòògbé lórí àga irin. Àwọn mìíràn á sáré wọ ìgboro láìṣe ìṣirò, bàálù á sì fò lọ lẹ́yìn wọn. Ìlú tó dáa ni Àbújá fún ẹni tó ní wákàtí díẹ̀ lọ́wọ́, torí pé ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, ibi tó yẹ kéèyàn rí kò sì jìnnà síra wọn. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ tó dìde lórí àga.

Ìṣirò náà rèé

Ẹ má ka iye wákàtí tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Iye tó kù lẹ́yìn àyọkúrò ni kí ẹ kà.

Ká ní bàálù yín balẹ̀ ní aago 9:40 àárọ̀, tí ìkejì yóò gbéra ní 3:30 ọ̀sán. Lójú, wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 50 nìyẹn. Kí ẹ tó jáde nínú bàálù, kí ẹ tó gba ẹrù, kí ẹ tó dé ìta, ìṣẹ́jú 40 ti lọ, aago ti di 10:20. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù abẹ́lé ló ń ti káńtà pa ní ìṣẹ́jú 30 sí 45 kí bàálù tó gbéra, ìlà ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò sì lè gùn, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ti padà dé ní 1:45. Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 25 ló kù. Àárín ìgboro tó nǹkan bíi 40 kìlómítà sí pápákọ̀: ẹ fún àlọ ní ìṣẹ́jú 45, kí ẹ fún àbọ̀ ní wákàtí kan gbáko. Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú péré ló ṣẹ́ kù tó jẹ́ tiyín. Ibì kan ṣoṣo ni ó gbà, kò gba méjì.

Àbọ̀ la máa ń fi àkókò kún, a kì í fi kún àlọ. Ẹni tó bá pẹ́ lọ́nà àlọ yóò kàn dín ìgbádùn kù ni. Ẹni tó bá pẹ́ lọ́nà àbọ̀ yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun.

Bí àpapọ̀ wákàtí yín kò bá tó mẹ́rin, ẹ má kúrò ní pápákọ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí òkè òkun láti Àbújá, ẹ ka wákàtí mẹ́ta ṣáájú ìgbéra, nítorí pé káńtà ibẹ̀ máa ń tì ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú, àyẹ̀wò ìwé ìrìnnà sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀, a kì í gbà kí èèyàn wọ ìgboro bí ìdúró rẹ̀ kò bá tó wákàtí mẹ́jọ.

Ọ̀rọ̀ ẹrù

Ohun tó ń fa wàhálà jù nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù méjì, ẹrù yín kò ní lọ tààrà. Àbújá ni yóò ti jáde lórí bẹ́líìtì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó gbé e, ẹ ó jáde síta, ẹ ó tún wọlé lọ sí káńtà kejì bí ẹni pé ilé lẹ ti ń bọ̀. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́ tí ìkejì fi lọ, ilé-iṣẹ́ kejì kò jẹ yín ní gbèsè kankan, torí lójú tiwọn, ẹ̀yin lẹ kò tètè dé. Ìdí rèé tí a fi máa ń sọ pé kí ìdúró láàárín tíkẹ́ẹ̀tì méjì má dín ní wákàtí mẹ́ta ní abẹ́lé. Bó bá ṣe é ṣe, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan náà ni kí ẹ ti rà á, lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, kí ẹ sì bi ẹni tó wà ní káńtà níbi tí ẹ ti gbéra pé, “Ṣé Yólà lẹ kọ sára ẹrù mi ni àbí Àbújá?” Ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn fúnra yín. YOL ni ti Yólà, MIU ni ti Màídúgùrì, SKO ni ti Sókótó, ABV ni ti Àbújá. Bí ABV bá wà lórí rẹ̀, Àbújá lẹ ó ti gbé e.

Ẹrù ńlá kì í jẹ́ kéèyàn rìn. Báágì kan tí kò ju kílò méje lọ, èyí tí ẹ lè gbé kọ́ èjìká, ló dáa jù fún ẹni tó fẹ́ jáde. Bí àpótí bá wà, ẹ lọ sí káńtà bàálù kejì kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè gbà á báyìí; wọ́n sábà máa ń ṣí i ní wákàtí méjì péré ṣáájú ìgbéra, ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ náà bá ní bàálù mìíràn tó ń lọ láàárọ̀ yẹn, òṣìṣẹ́ lè wà níbẹ̀. Tí wọn kò bá gbà á, ẹ gbé e sínú ọkọ̀ tí ẹ háyà fún gbogbo wákàtí náà, kí ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ àti ojú awakọ̀ kí ẹ tó fi ẹrù sí bùùtù. Ẹ má fi ẹrù sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè bá yín ṣọ́ ọ.

Mọ́tò àti ọ̀nà

Takisí tó wà lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ kì í lo mítà, ìdúnàádúrà ni. Ẹ kọ́kọ́ ṣí áàpù Bolt tàbí Uber lórí fóònù, kí ẹ wo iye tó pè fún ibi tí ẹ ń lọ. Kódà bí ẹ kò bá ní lò ó, iye yẹn ni kí ẹ dì mú nígbà tí ẹ bá ń dúnàádúrà. Ẹ bi awakọ̀ ní ohun méjì kí ẹ tó jókòó: ta ni yóò san owó géètì pápákọ̀ ní àlọ àti ní àbọ̀, ṣé yóò sì dúró dè yín? Awakọ̀ tó máa dúró dára ju èyí tó kàn já yín sílẹ̀ lọ, torí rírí ọkọ̀ padà sí pápákọ̀ láàárín ìgboro ní ìrọ̀lẹ́ lè gbà tó ìdajì wákàtí. Ẹ san ìdajì owó níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ san ìyókù nígbà tí ẹ bá padà dé.

Ẹ má wọ ọkọ̀ tí kò ní àmì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ń pe “along, along”. Ibẹ̀ ni àwọn wán-ṣáǹsì ti ń rí èèyàn mú ní Àbújá. Ẹni tó gbé báágì, tó dà bí àlejò, ni wọ́n ń wò. Bí ẹ bá máa wọ takisí ìgboro, aláwọ̀ ewé tó ní ìlà funfun ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì sọ pé “drọ́ọ̀pù” ni ẹ fẹ́, ìyẹn ni pé ẹ̀yin nìkan lẹ háyà ọkọ̀, kí awakọ̀ má gbé ẹlòmíràn kún yín.

Reluwé ìgboro náà wà. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín ìlú, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré kọjá sí Idu, títí dé pápákọ̀. Wọ́n ṣí i ní 2018, ó dúró fún ọdún mélòó kan, wọ́n sì tún ṣí i ní 2024. Ó tutù, ó mọ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò kàn án. Àléébù rẹ̀ ni pé ìrìn rẹ̀ kò pọ̀ lójúmọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó wọ èyí tó ń lọ, ẹ béèrè aago tí èyí tó ń bọ̀ yóò gbéra ní ìgboro. Bí kò bá bá ìṣirò yín mu, ẹ fi sílẹ̀.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní ìtọ́sọ́nà tirẹ̀ lọ́nà pápákọ̀. Láti nǹkan bí aago mẹ́fààbọ̀ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, ọ̀nà tó wọ ìgboro ló ń dí, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé ní Lugbe, àdúgbò tó wà lójú ọ̀nà pápákọ̀, ń lọ síbi iṣẹ́. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́jọ, ọ̀nà tó jáde ló ń dí, ìyẹn gan-an ni ọ̀nà tí ẹ̀yin fẹ́ gbà padà. Ẹni tí bàálù rẹ̀ yóò gbéra ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ gbọ́dọ̀ ti kọjá Lugbe kí aago mẹ́rin tó lù. Ọjọ́ Jímọ̀ tún yàtọ̀: láti aago kan ọ̀sán ni àyíká mọ́sálásí ńlá ti ń kún, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba kì í sì í padà sí ọ́fíìsì lẹ́yìn ìrun.

Ibi tí ẹ lè lọ

Bí wákàtí yín bá jẹ́ mẹ́rin sí márùn-ún, Lugbe ti tó. Ojú ọ̀nà pápákọ̀ gan-an ló wà, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Kò sí ohun àfihàn kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ gidi wà, ó sì dín lówó ju ti pápákọ̀ lọ. Àwọn Yorùbá pọ̀ ní Lugbe, ààmàlà àti gbẹ̀gìrì kò wọ́n. A ò tiẹ̀ rí ìdí tí ẹni tó ń lọ sí Yólà yóò fi fẹ́ jẹ ààmàlà ní Àbújá nígbà tí máàsà àti túwó wà, ṣùgbọ́n ikùn kálukú ló mọ ohun tó bá a lára mu.

Márùn-ún ààbọ̀ sí méje: ẹ yan ọ̀kan nínú méjì.

Àkọ́kọ́ ni Jabi. Adágún odò kan wà níbẹ̀, ilé ìtajà ńlá kan sì wà létí rẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 2015. Ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́, ẹ̀rọ amúlétutù, ibi tí ẹ ti lè fi fóònù sí iná, oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé kan. Ẹni tó ní ọmọ kékeré lọ́wọ́, Jabi ni kó lọ, kó má ronú ibòmíràn. Bí oòrùn bá rọlẹ̀, ẹ lè rìn létí omi, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èèyàn yípo náà wà níbẹ̀. Ẹ béèrè jákẹ́ẹ̀tì tí ń léfòó kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Bí kò bá sí, ẹ má wọ̀ ọ́.

Èkejì ni àárín gbùngbùn ìlú, níbi tí Mọ́sálásí Àpapọ̀ àti Ilé Ìjọsìn Àpapọ̀ ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì ti wà nítòsí ara wọn. Wọ́n kọ́ mọ́sálásí náà ní 1984, ilé ìjọsìn náà parí ní 2005. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí lè wọ mọ́sálásí náà bí kì í bá ṣe àkókò ìrun. Obìnrin gbọ́dọ̀ borí, kó sì wọ aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó bọ́ bàtà. Lójú ọ̀nà ibẹ̀ ni ẹ ó ti kọjá géètì ìlú, àti pápá ìṣeré tí wọ́n sọ lórúkọ Moshood Abiola ní 2019. Ẹ má ní kí awakọ̀ dúró lójú títì kí ẹ lè ya fọ́tò géètì. Ọkọ̀ tó ń sáré níbẹ̀ kò ní rí yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má gbé fóònù sókè sí sójà, ibi àyẹ̀wò, tàbí ilé ìjọba níhà Aso Rock.

Bí ẹ bá ní ju wákàtí méje lọ, tó sì jẹ́ ọ̀sán, àpáta Zuma ló yẹ kí ẹ lọ wò, àwa gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ẹ yọ náírà 100 bébà kan jáde: Awólọ́wọ̀ wà níwájú, Zuma wà lẹ́yìn. Ẹ kò ní láti wọ ìgboro kí ẹ tó débẹ̀. Láti pápákọ̀, ẹ gba Giri, ẹ yà sí Zuba, kí ẹ kọjá Madalla lọ́nà Kàdúná. Àpáta náà yóò yọ lójijì, dúdú, ó ga tó nǹkan bíi 300 mítà sókè ilẹ̀ tó yí i ká, omi òjò ọdún pípẹ́ sì ti fa ìlà funfun sí i lára. Ìpínlẹ̀ Niger ló wà, kì í ṣe Àbújá. Ẹ̀bá ọ̀nà ni kí ẹ ti wò ó, níbi tí àwọn èèyàn wà. Ẹ má gùn ún, ẹ má wọ igbó ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ kó tó di aago mẹ́ta. Zuba máa ń dí nítorí ọjà àti gáréèjì rẹ̀, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún àbọ̀.

Kílíṣí: bí ẹ ṣe lè mọ èyí tó dáa

Ohun kan tó yẹ kí àlejò rà ní Àbújá nìyí, torí ó fúyẹ́, kì í tètè bàjẹ́, a sì lè gbé e wọ bàálù abẹ́lé. Ẹran màlúù tí wọ́n là pẹlẹbẹ bí aṣọ ni, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n fi lẹ́ẹ̀pọ́ ẹ̀pà, ata, atalẹ̀ àti kànáfùrù pa á lára, wọ́n tún sá a, lẹ́yìn náà ni wọ́n yan án lórí iná díẹ̀.

Ẹ mú ègé kan, kí ẹ gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀. Tó bá tín-ínrín dáadáa, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀. Ẹ tẹ etí rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kèù. Bó bá ń tẹ̀ bí awọ, omi ṣì wà nínú rẹ̀, yóò hu láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ gbóòórùn rẹ̀: òórùn ẹ̀pà yíyan ló yẹ kó ta. Tó bá ń rùn bí òróró tó ti pẹ́, ẹ̀pà ara rẹ̀ ti kan. Ẹ tún wo bí lẹ́ẹ̀pọ́ ẹ̀pà ṣe nípọn tó, nítorí àwọn kan máa ń pa á nípọn kí ẹran kékeré lè tẹ̀wọ̀n. Ẹ béèrè lédè Haúsá pé, “Nawa ne?” (Èló ni?) kí ẹ sì fi “A rage mana, Mallam” (Ẹ dín in kù) tẹ̀ lé e, ìkíni àti ẹ̀rín ń dín owó kù ju ariwo lọ. Bó bá ṣì gbóná, bébà ni kí wọ́n fi dì í. Nàílọ́ọ̀nù máa ń mú kó làágùn, omi yẹn ló sì ń mú kó hu. Nígbà tó bá tutù tán lẹ lè dì í pa sínú nàílọ́ọ̀nù, kí òórùn rẹ̀ má baà gba inú bàálù. Ẹni tó ń lọ sí Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà kó má gbé e o, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ibodè.

Fúrà dà nọ́nọ̀ ńkọ́? Ó dùn, ṣùgbọ́n wàrà inú igbá tí a kò sè kì í ṣe ohun tí a ń dánra wò ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú bàálù. Ẹ ra ti inú ike tó tutù tí wọ́n dì pa, tàbí kí ẹ dúró di ìgbà tí ẹ bá dé ilé ẹni tí ẹ ń lọ kí.

Nígbà tí ìdúró bá gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ

Rọ́nwéè kan ṣoṣo ni pápákọ̀ Àbújá ń lò. Bí bàálù kan bá há síbẹ̀, gbogbo nǹkan á dúró. Nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe ní oṣù kẹta àti ìkẹrin 2017, Kàdúná ni gbogbo bàálù ń lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, eruku ọyẹ́ ló ń dá bàálù dúró, pàápàá ní àárọ̀; awakọ̀ òfurufú kò ríran, Kánò àti Màídúgùrì ló sì máa ń le jù níbẹ̀. Lásìkò òjò, ìjì ọ̀sán ni. Nítorí náà, lásìkò ọyẹ́, ẹ yan bàálù kejì tó gbéra ní ọ̀sán gangan; lásìkò òjò, ẹ yan ti àárọ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Àwọn pápákọ̀ kan ní àríwá kì í gba bàálù lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Oòrùn sì máa ń tètè wọ̀ ní ìhà ìlà oòrùn: ní Yólà, ó ń ṣíwájú ti Èkó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 40. Bàálù tó yẹ kó gbéra ní aago mẹ́ta ọ̀sán tó wá di mẹ́rin ààbọ̀, tí wọn kò tíì pe èrò, ó ṣeé ṣe kó máà lọ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró kí wọ́n tó kéde. Ẹ lọ sí káńtà kí ẹ béèrè àyè nínú bàálù òwúrọ̀, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ń rí àga.

Òfin wà fún ìdádúró tó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ bàálù lọ̀rọ̀ kàn. Nínú ìlànà NCAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù, fún bàálù abẹ́lé, bó bá ti kọjá wákàtí kan, wọ́n jẹ yín ní ohun ìpápánu àti ìpè orí fóònù. Bó bá kọjá wákàtí méjì, ẹ lè gba owó yín padà. Bó bá wọ aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí, tàbí tí pápákọ̀ bá ti tì, hòtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ di tiwọn. Wọn kì í fúnni láìbéèrè. Ẹ di boarding pass mú, ẹ ya fọ́tò pátákó tó ń fi àkókò hàn, kí ẹ sì lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ NCAA tó ń gbọ́ ẹjọ́ èrò ní tẹ́míná. Ẹ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: orúkọ, nọ́ńbà bàálù, aago tó yẹ kó gbéra, aago tó ń lù báyìí.

Bó bá jẹ́ pé apò yín lẹ ó ti san owó ibùsùn, ẹ má padà sí àárín ìgboro. Lugbe ni kí ẹ sùn. Ẹ bá ilé ìtura náà sọ ọ́ lálẹ́ pé ẹ nílò ọkọ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, kí ẹ gba nọ́ńbà awakọ̀ náà, kí ẹ sì pè é kí ẹ tó lọ sùn láti mọ̀ bóyá fóònù rẹ̀ ń dún.